Bàbá Adìwé àti Orúkọ Pupa

Rárá o, kì í ṣe bàbá mi, kì í sì í ṣe bàbá ọkọ mi. Ẹni tó bá ti rí fọ́tò yẹn lára ògiri ló máa ń bi mí bẹ́ẹ̀, torí bó ṣe gbé Morẹ́niké lé itan tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló bí i. Alájọgbélé wa ni. Yàrá tó kọjú sí tiwa ló ń gbé, nínú ilé yìí náà, ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ṣì wà láyé. Ìdí tí mi ò fi gbé fọ́tò náà kúrò lára ògiri, èmi náà ò lè sọ, torí ọjọ́ tí a yà á gan-an ni nǹkan bàjẹ́ láàárín èmi àti ẹ̀.

Bàbá Adìwé là ń pè é, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Kùráánì tó ti já, rẹ́jísítà àwọn ilé-ìwé, ìwé orin àwọn aláṣọ funfun, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa ń kó wá fún un. Á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ewé wọn pa pọ̀, á fi sítáàṣì tó ń sè fúnra ẹ̀ lẹ̀ ẹ́, á wá fi páálí àti aṣọ bò ó lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, òórùn sítáàṣì yẹn lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Orúkọ ẹ̀ gan-an ni Jàfárù Babárìndé. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ò sọ nǹkan kan fún yín. Ohun tó ń dùn mí náà nìyẹn.

Lọ́dún Fẹ́sítáákì la kó débí, èmi àti Gbóyèga ọkọ mi. Káténpílà ló ń wà fáwọn tó ń la ọ̀nà tuntun. Ẹ ṣáà mọ bí ìlú ṣe rí nígbà yẹn, kò sẹ́ni tí kò ra nǹkan. Láńlọ́ọ̀dù wa, Alhaji Nùrẹ́nì, ti fi owó Udójì tí ìjọba san fáwọn òṣìṣẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère, ó gbé e sí pálọ̀, ó wá ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lójoojúmọ́ kí gbogbo wa lè rí i pé òun ní in. Oyún Morẹ́niké wà nínú mi. Nígbà tí mo wá bí i, mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Mo ń gbé e kiri ojúlé dé ojúlé bí ẹni tó ń kiri ọjà, mò ń ṣí ẹnu ẹ̀ kí wọ́n wá wo ibi tí eyín máa ti hù. Gbóyèga ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í hu eyín. Mo ní kó máa wò ó.

Èmi ni mo sọ ọ́ ní Morẹ́niké. Nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù tú ní Ìbàdàn, ìwé kan wà tí à ń pè ní *Aṣọ Tí Mo Wọ̀ Dé Èkó*. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà ní ilé tí à ń sùn, ogún ọmọbìnrin ló sì ń dù ú. Ńṣe la kọ orúkọ sílẹ̀, tó bá kàn ẹ́, ọjọ́ méjì péré, kẹ́ni tó kàn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Morẹ́niké ni ọmọbìnrin inú ẹ̀. Ó wọ rélùwéè láti Ọ̀ṣogbo, ó ń bọ̀ wá wá ọkọ ẹ̀ tó ti lọ sí Èkó láti ọdún mẹ́ta. Àpótí ẹ̀ wá sọ nù lọ́nà, tó fi jẹ́ pé aṣọ ọrùn ẹ̀ nìkan ló wọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọkọ tó ti fẹ́ òmíràn. Mo sunkún ìwé yẹn débi pé mátírọ̀n ní kí n wá gba oògùn ibà. Mo ti pinnu láti ọjọ́ náà pé tí mo bá bí obìnrin, Morẹ́niké ni. Orúkọ ẹni tó kọ ìwé ńkọ́? Mi ò rántí. Ìwé tí ogún èèyàn ń fà lọ́wọ́ ara wọn, ta ló fẹ́ máa wo orúkọ iwájú ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìnkùlé, mo sì ń fi orúkọ ẹ̀ kọrin. Bàbá Adìwé jókòó sídìí iṣẹ́ ẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ó bi mí pé ta ló sọ ọmọ náà ní Morẹ́niké, ṣé ìyá mi àgbà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá, inú ìwé ni mo ti rí i. Ó tún ń rán ìwé ẹ̀ lọ. Èmi tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, tọṣẹ tọṣẹ lọ́wọ́ mi, ọmọ ń ké. Mo dé ibi tí àpótí ti sọ nù, mo ní ní Ìddó ni.

"Agége ni," ó ní.

"Ìddó ni, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ìwé yẹn."

"Agége ni. Ó bọ́ sílẹ̀ kó lọ ra omi mu, ọkọ̀ bá gbéra."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ó fi eyín gé òwú ọwọ́ ẹ̀. "Èmi ni mo ní kó bọ́ sílẹ̀."

Díẹ̀ ló kù kí ọmọ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi ọṣẹ.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ kó sinmi mọ́. Tí mo bá ti gbé oúnjẹ lọ fún un nírọ̀lẹ́, màá jókòó tì í, torí ìyàwó ẹ̀ ti kú, ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Kàdúná kì í kọ lẹ́tà. Díẹ̀díẹ̀ ló sọ fún mi. Ilé ìtẹ̀wé kan ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń to lẹ́tà irin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ìdí ẹ̀rọ yẹn ló sì ti ń kọ ìtàn. Ìwé mẹ́rin ló kọ. Nígbà tí ọ̀kan bá jáde, àwọn èèyàn máa ń dá a dúró lójú títì, wọ́n á ní kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí Morẹ́niké padà rí ọkọ. Ìyàwó pásítọ̀ kan kọ lẹ́tà sí i pé òun ń gbààwẹ̀ nítorí Morẹ́niké. Wọ́n fi méjì nínú ìwé náà ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì jẹ́ dúdú àti funfun. Kò ní tẹlifíṣọ̀n nílé. Ìta ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tà á ló dúró sí láàárín èrò, tó ń wo ìtàn ara ẹ̀ láti ojú gíláàsì, láìgbọ́ ohùn. Ó ní ẹnì kan tó dúró nítòsí òun ń ṣàlàyé ìtàn náà fún òun, ó sì ń ṣì í sọ. Mo bi í pé àwọn eré yẹn dà, ṣé a lè rí wọn báyìí. Ó ní ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nígbà yẹn, wọn kì í gbà á sílẹ̀. Bó ṣe ń tán ló ń lọ.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé kú, àwọn ọmọ ẹ̀ ta ẹ̀rọ fún ẹni tó ń tẹ kàlẹ́ńdà. Àwọn ilé-ìwé mú ìwé mìíràn. Nígbà tí epo rọ̀bì wá mú ìlú dùn tán, sítẹ́ríò lèèyàn ń rà, kò sẹ́ni tó béèrè ìwé Babárìndé mọ́. Ó bá jókòó ti ìwé àwọn ẹlòmíì, ó ń dì í.

Èmi ṣá, inú mi dùn bí ẹni tó rí nǹkan he. Mo sọ fún gbogbo ilé. Sìdíkátù tó ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé ò gbà. Ó ní èèyàn tó kọ̀wé tó fi wọ tẹlifíṣọ̀n, kí ló wá ń ṣe nílé tí ìdílé mẹ́jọ ti ń to lọ́nà balùwẹ̀ kan. Tí Bàbá bá sì ti ń kọjá lọ wẹ̀, á ní: "Bàbá olókìkí, ẹ bá wa sọ fáwọn tẹlifíṣọ̀n pé gọ́tà balùwẹ̀ wa ti dí o." Bàbá á rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo máa ń bínú.

Mo wá ìwé náà kiri. Mo kọ̀wé sí àbúrò mi ní Ìbàdàn, ó rí ọ̀kan gbà lọ́wọ́ tíṣà wa àtijọ́. Nígbà tó dé, kò léèpo. Ewé méjì àkọ́kọ́ ti ya lọ, ojú ewé karùn-ún ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sí orúkọ ìwé, kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bàbá gbà á, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dì í. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló fi bo ẹ̀yìn ẹ̀, ó wá fi ewé funfun kan síwájú, òfìfo. Mo mú bíró wá, mo ní kí n bá a kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀.

Ó ní kí n fi í sílẹ̀ ná. Ìgbà yẹn ló tó sọ̀rọ̀ fíìmù fún mi.

Ọ̀gá òṣèré kan wà tó ń jẹ́ Gàníyù Sàlàkọ́, tó ń kó ẹgbẹ́ ẹ̀ kiri ìlú kó tó di pé fíìmù dé. Ó ti wá bá Bàbá kí àwa tó kó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi *Aṣọ Tí Mo Wọ̀ Dé Èkó* ṣe fíìmù ńlá, aláwọ̀ mèremère. Bàbá ní kó máa ṣe é lọ, òun ò gba nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: orúkọ òun ni kó kọ́kọ́ jáde, gàdàgbà, kí ìlú lè mọ ẹni tó kọ ìtàn náà. Gàníyù búra. Wọ́n ti ṣe fíìmù náà tán, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà ni wọ́n ń gbé láti ìlú dé ìlú, láti Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ sí Abẹ́òkúta. Bàbá ń dúró dìgbà tó máa kan ọ̀dọ̀ wa.

Àmọ́ ojú ẹ̀ ò dúró dè é. Nǹkan funfun bí omi ìrẹsì ti ń bo ẹyinjú ẹ̀. Ẹ̀rù abẹ ń bà á, ó ní tí wọ́n bá fọ́ èyí tó kù sóun lójú ńkọ́, kóun ṣáà rí fíìmù náà ná. Kó tó di ọdún tó kọjá, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló kù tó ń rí. Ìka ló fi ń rán ìwé.

Lọ́jọ́ kan Gbóyèga dé láti ibi iṣẹ́, ó ní òun rí pósítà lára ògiri ní Ìkòtún, Gàníyù Sàlàkọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan, aago méjì ọ̀sán. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá. Ó kàn ní kí n bá òun fa agbádá òun jáde nínú àpótí kí n lọ̀ ọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn la pe onífọ́tò. Òun lẹ ń wò yẹn.

Ṣé ẹ rí gbọ̀ngàn yẹn, wọ́n ta aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé, ooru inú ẹ̀ dà bí ti ibi tí wọ́n ń dín àkàrà. Jẹnẹrétọ̀ ń hó níta. Bàbá jókòó láàárín èmi àti Gbóyèga, Morẹ́niké wà lẹ́yìn mi. Ó ti ṣàlàyé fún mi nílé ohun tí mo máa ṣe: tí orúkọ òun bá ti jáde, kí n kà á sóun létí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí n má fi ohunkóhun kún un. Ó mú ọwọ́ mi dání.

Iná kú. Aṣọ funfun tàn. Orúkọ Gàníyù Sàlàkọ́ àti ẹgbẹ́ ẹ̀ jáde, àwòrán ẹ̀ tóbi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èrò pariwo. Nǹkan wá ta bí ìgbà tí iná bá ṣẹ́jú, a bá ti wà nínú rélùwéè. Morẹ́niké inú ìwé jókòó lójú fèrèsé. Mo ń wò, mo ní bóyá ó ṣì ń bọ̀. Kò bọ̀.

"Ó ti jáde?" Bàbá ní.

Ẹ̀yin ẹ wí, kí lẹ bá sọ? Ojú ẹ̀ kọ sí aṣọ funfun yẹn, omi ti kún un. Ọdún méjì ló ti ń dúró.

"Ó ti jáde, Bàbá."

"Kí ni wọ́n kọ?"

"Láti ọwọ́ Jàfárù Babárìndé. Gàdàgbà. Ó kún gbogbo aṣọ."

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ẹnu mi. Mo ní wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́. Mo ní ó pẹ́ kó tó lọ, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Bàbá fi etí agbádá nu ojú. Gbogbo bí fíìmù yẹn ṣe gùn tó, ó ń sọ ohun tí Morẹ́niké máa sọ kó tó sọ ọ́, ohùn jẹ́jẹ́. Gbóyèga ń wò mí látẹ̀gbẹ́, mi ò yíjú sí i.

Tó bá jẹ́ pé a yára jáde ni. Mo fẹ́ fà á jáde, ó kọ̀. Ó ní òun gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Gàníyù. Ọ̀gá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ èrò lọ́wọ́, wọ́n ń yìn ín pé orí ẹ̀ pé láti ro irú ìtàn yìí, ó sì ń dáhùn pé Ọlọ́run ni. Nígbà tó rí Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, n ò ní parọ́ mọ́ ọn, pẹ̀lú aṣọ olówó tó wọ̀.

"O ṣeun, Gàníyù," Bàbá ní. "O mú ìlérí ẹ ṣẹ. Wọ́n ní pupa lo fi kọ ọ́."

"Kí ni mo fi pupa kọ, Bàbá?"

"Orúkọ mi."

Gàníyù dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò láyà. Ojú tì í díẹ̀, mo rí i. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo kọ orúkọ yín o, mo fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí. Ìlọrin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ wa pé àwọn ò wá kàwé, fíìmù làwọn wá wò. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wọ́n ju èèpo ọsàn lu aṣọ. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbé e jáde wá fi bíléèdì gé ibẹ̀ kúrò, ó fi téèpù so ìyókù pọ̀. Kò sí níbẹ̀ mọ́ láti oṣù kẹfà. Ta ló sọ fún yín pé òun rí i?"

Bàbá yíjú sí ibi tí mo wà. Kò rí mi, ṣùgbọ́n ibi tí mo wà gan-an lojú ẹ̀ wà. Àwọn tó dúró níbẹ̀ ń wo gbogbo wa. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín.

Ìlọrin ni wọ́n ti ń pariwo, Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí wọ́n ti bí Bàbá gan-an, ni wọ́n ti ju nǹkan lu orúkọ ẹ̀. Bóyá ó lè gbé ìyẹn mì. Ohun tí mo ṣe ni kò lè gbé mì. Nígbà tí a ń rìn padà, mo bẹ̀ ẹ́, mo sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń dùn mí. Ìgbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń da yanrìn sílẹ̀ fún ọ̀nà tuntun ló tó lanu.

"Mo ní kó o kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́," ó ní. "Ìwọ náà ń kọ ìtàn. Tìẹ tiẹ̀ dáa ju tèmi lọ."

Ó fọwọ́ kúrò lọ́wọ́ mi, ó di Gbóyèga mú.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Kò bá mi jà o, kì í ṣe oníjà. Tí mo bá kí i, á dáhùn. Ṣùgbọ́n kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, àní kì í bi mí bóyá ilẹ̀ ti ṣú. Sìdíkátù ló ń bi. Ilé ìwòsàn ni Gbóyèga mú un lọ níjọ́sí, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, kò sí abẹ tó lè ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ìwé aláwọ̀ ewé yẹn sílẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, ó wọlé lọ kírun. Mo mú bíró, mo jókòó, mo ṣí ewé funfun yẹn. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé, lẹ́tà ńlá ńlá, mi ò fi ohunkóhun kún un: *Aṣọ Tí Mo Wọ̀ Dé Èkó*, láti ọwọ́ Jàfárù Babárìndé. Nígbà tó jáde, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, mo ti kọ orúkọ yín síwájú ìwé."

Ó fi àtàǹpàkò pa ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Bíró kì í ga lára ìwé. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

"Ṣé pupa ni?" ó ní, ó sì pa ìwé náà dé.

Búlúù ni. Mi ò lè sọ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní láyé yìí, mi ò rí ọ̀kan tó máa gbà gbọ́.

Ẹ tún bá mi wò ó níta, ó ṣì jókòó síbẹ̀, ẹ rí i, ó ń rán Kùráánì ẹnì kan. Ọbẹ̀ ti jinná. Tí èmi bá pè é, á ní òun ti yó. Morẹ́niké nìkan ló máa ń jẹ́ fún, òun ni mo wá ń rán. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà ní ẹ, ẹ má dá a lóhùn. Morẹ́! Lọ pè é. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà:

"Bàbá! Wá jẹun!"